Ṣé ìréjẹ ni kéèyàn fi kọ̀ǹpútà kọ́ ODE? Ìdáhùn mi fún àbúrò kan l'Ábẹ́òkúta

Àbúrò kan tó ń kàwé níbí l'Ábẹ́òkúta ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe kọ ọ́ rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní 200 level, a ń ṣe ordinary differential equations (ODE, ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà) ní sẹ̀mẹ́sítà yìí, ojú mi sì ń rí màbo. Mo lè há fọ́múlà sórí o, mo lè ṣe separable, mo lè ṣe integrating factor, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń yanjú ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá bi mí pé kí ni ìdáhùn yẹn túmọ̀ sí, ẹnu mi á wọhò. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní kí n yé da ara mi láàmú, pé sọ́fítíwià wà tó máa ṣe gbogbo ẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Ṣé ìréjẹ kọ́ nìyẹn? Tí kì í bá ṣe ìréjẹ, èwo ni kí n lò? Torí láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, iná ò sí, détà sì wọ́n."

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Kì í ṣe ìréjẹ, fọkàn balẹ̀. Ìréjẹ ni kó o ní kí kọ̀ǹpútà ṣe assignment fún ẹ kó o wá dà á kọ, ara ẹ lo sì rẹ́ jẹ, torí nínú họ́ọ̀lù ìdánwò, ìwọ àti bírò ẹ nìkan lẹ máa wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó o sọ yẹn gan-an, pé o lè ṣe é ṣùgbọ́n o ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ti wúlò jù, ó wúlò níbẹ̀ ju kó bá ẹ wá ìdáhùn lọ. Má rò pé ìwọ nìkan ni o. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, odindi ọdún kan ni mo fi ń ṣe é tí mò ń gba máàkì láì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Gbàgbé fọ́múlà ná. Tó o bá ní àyè lọ́jọ́ kan, lọ dúró lórí afárá Láfẹ́ńwá kó o wo odò Ògùn nísàlẹ̀. Wàá rí i pé níbì kan omi ń sáré, níbì kan ó rọra ń lọ, níbi tí àpáta wà ó ń yí bírí. Ju ewé kan sínú omi yẹn. Ewé ò mọ ibi tó ń lọ, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé níbi tí òun wà báyìí, apá ibí ni omi ń ti òun sí. Tó bá sún síwájú díẹ̀, omi ibẹ̀ náà á tún tì í síbòmíì, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa lọ. ODE ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi Ọlọ́run búra. Tí ìwé ẹ bá kọ y' = f(x, y), y' ni bí y ṣe ń yí padà, ohun tó ń sọ ni pé tó o bá wà níbí, apá ibí ni kó o kọjú sí, kò sọ ibi tó o máa já sí fún ẹ. Ibi tó o ti ju ewé sómi ni wọ́n ń pè ní initial condition, ọ̀nà tí ewé tọ̀ ni solution, C tó máa ń wà lópin ìṣirò ẹ sì wà níbẹ̀ torí pé ibi tó wù ẹ́ lo ti lè ju ewé.

Àwòrán omi yẹn ni sọ́fítíwià máa yà fún ẹ kíákíá, slope field ni wọ́n ń pè é. Inú GeoGebra, sọ́fítíwià ìṣirò kan tó wà lórí fóònù, kọ SlopeField(y*(1-y)) fún ìdọ́gba y' = y(1 - y), wàá rí ìlà kéékèèké tó kún ojú fóònù ẹ bí ìgbà tí ẹ̀fúùfù bá da koríko délẹ̀ sí apá kan. Wò ó dáadáa. Tó o bá wà láàárín 0 àti 1, ìlà ń gòkè, tó o bá wà lókè 1, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí 1, tó o bá wà nísàlẹ̀ 0, ó ń jábọ́ lọ ni kò sì ní padà. O ò tíì íńtígíréètì nǹkan kan o, o ti mọ bí ìdáhùn ṣe máa rí, o ti mọ̀ pé ibi yòówù tó o ti bẹ̀rẹ̀ lókè òdo, 1 ni wàá já sí. Ọmọ Belgium kan tó ń jẹ́ Verhulst ló gbé irú ìdọ́gba yìí jáde lọ́dún 1838 nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i nílùú, àwọn kan sì ń lò ó báyìí fún ẹja inú adágún, ẹja á máa bí sí i títí oúnjẹ ibẹ̀ ò fi ní ká wọn mọ́. Tí lẹ́kíṣọ̀rà ẹ bá ti wá bi ẹ́ pé kí ló túmọ̀ sí, ohun tó o fojú rí yẹn ni kó o sọ.

Ó yá, jẹ́ ká ṣe ọ̀kan tọwọ́tọwọ́, torí pé èmi ò gbà kéèyàn fọwọ́ kan solver kankan (sọ́fítíwià tó ń yanjú ìdọ́gba) kó tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ tí solver ń ṣe, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ká ní o bu ẹ̀kọ mímu sínú ife láàárọ̀, ó gbóná tó dígíríì 90, inú yàrá ẹ sì jẹ́ 30, a ṣáà mọ ooru ìlú wa. Òfin Newton ni pé bí nǹkan bá ṣe gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká ẹ̀ lọ tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa yára tutù tó. Ká kọ ọ́ báyìí: dT/dt = -0.04(T - 30), T ni bí ẹ̀kọ ṣe gbóná tó, t ni àsìkò, ìṣẹ́jú la sì fi ń kà á. 0.04 yẹn, èmi ni mo mú un fún àpẹẹrẹ, ife oníke àti kọ́ọ̀bù irin ò lè ní iye kan náà.

Wá ṣe bíi ti ewé. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ fi 60 gbóná ju yàrá lọ, 60 lọ́nà 0.04 jẹ́ 2.4, ìyẹn ni pé ó ń já wálẹ̀ ní dígíríì 2.4 ní ìṣẹ́jú kan. Ká díbọ́n pé bó ṣe máa já náà nìyẹn fún odindi ìṣẹ́jú 5. Á já ní 12, á ku 78. Dúró níbẹ̀, tún ojú là wò ó. 78 fi 48 ju 30 lọ, 48 lọ́nà 0.04 jẹ́ 1.92, tó bá di ìṣẹ́jú 5 ó jẹ́ 9.6, ó ku 68.4. Tún ṣe é, ó di 60.72. Tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di 54.576, ìṣẹ́jú 20 ti pé nìyẹn. Ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán yẹn ló ń jẹ́ Euler's method, Leonhard Euler kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1768, ọmọ Basel ní Switzerland ni bàbá náà, ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà yẹn o, kò sì dáwọ́ ìṣirò dúró (àwa tí ojú wa là là ń sọ pé iná ò sí).

Fọ́múlà tó o ti há sórí ní tiẹ̀ ń sọ pé T = 30 + 60e^(-0.04t). Fi 20 sí i, ó jẹ́ 56.96. Euler wa fi bíi dígíríì 2.4 ṣìnà. Kí ló fà á? Dídíbọ́n tá a díbọ́n ni. Bí ẹ̀kọ ṣe ń tutù náà ni ìyára ìtutù ẹ̀ ń dínkù, àwa wá di ìyára àtijọ́ mú fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, àfi bí ọlọ́kadà tó wo títì lẹ́ẹ̀kan tó wá dijú wakọ̀ títí dé Pánṣẹ́kẹ́. Kó tètè máa lajú ni oògùn ẹ̀. Tó bá ń lajú ní ìṣẹ́jú 1, ìdáhùn á jẹ́ 56.52. Tó bá ń lajú ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, 56.74. Wo àṣìṣe wọn bó ṣe tẹ̀ léra: 2.38, lẹ́yìn ẹ̀ 0.44, lẹ́yìn ẹ̀ 0.22. O rí méjì tó kẹ́yìn yẹn? A gé ìṣísẹ̀ sí méjì, àṣìṣe náà gé sí méjì. Lọ́jọ́ tí mo rí ìyẹn fúnra mi, tí mo fi kálíkúlétọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, ọjọ́ yẹn ni ODE wọ̀ mí lára, kì í ṣe ọjọ́ tí mo há integrating factor.

Àwọn ará Jámánì méjì ló wá tún un ṣe, Runge lọ́dún 1895, Kutta lọ́dún 1901. Ọgbọ́n wọn ni pé kó o tó gbẹ́sẹ̀, kọ́kọ́ wo ibi tó o dúró sí, kó o yọjú wo àárín ọ̀nà, kó o tún un wò, kó o yọjú wo òpin ẹ̀, kó o wá fi ohun tó o rí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yẹn pinnu ibi tó o máa kọjú sí. Pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 5 yẹn kan náà, ìgbà mẹ́rin péré tó o gbẹ́sẹ̀, tìwọn fún ẹ ní 56.9601, òótọ́ ibẹ̀ jẹ́ 56.9597. Ẹ̀kọ náà ò lè mọ ìyàtọ̀.

Tó o bá wá rí ode45 nínú MATLAB (sọ́fítíwià ìṣirò kan) àbí RK45 nínú Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù), má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà ẹ́ lẹ́rù, ọmọ Runge àti Kutta náà ni. 4 àti 5 inú orúkọ ẹ̀ ni pé ó máa ń ṣe ìṣirò kan náà lọ́nà méjì, ọ̀kan péye ju èkejì lọ, á wá fi wọ́n wéra. Tí méjèèjì bá jọra, á na ẹsẹ̀ gùn sí i, tí wọ́n bá yàtọ̀ síra jù, á padà sẹ́yìn, á gé ìṣísẹ̀ kúrú, á tún un ṣe. Bí awakọ̀ tó mojú ọ̀nà náà ni, á sáré níbi tí títì ti dán, á rọra níbi tí kòtò wà. Nígbà tó o bá ya gíráàfù tó o rí i pé àwọn àmì náà fún pọ̀ síbì kan tí wọ́n jìnnà síra níbòmíì, kòmpútà ò ṣìṣe, kòtò ló rí.

Ibi tó yẹ kó o fetí sí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi rèé, torí ó ti kó bá mi rí. Kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ sọ pé "mi ò mọ̀". Tó o bá ní kó fún ẹ ní nọ́ńbà, nọ́ńbà ló máa fún ẹ. Nígbà tí mò ń ṣe project, mo ní ìdọ́gba kan tó rọrùn bí nǹkan míì, y' = -20y, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ọmọ kékeré tó mọ e^(-20t) mọ̀ pé ńṣe ló máa já wálẹ̀ wìì sí òdo. Mo kọ kóòdù Euler tèmi, mo fi ìṣísẹ̀ sí 0.1, ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi: 1, -1, 1, -1, 1. Ó ń fò sókè sódò lórí gíráàfù, ó rẹwà gan-an. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo kọ ojú ewé méjì lórí "ìgbì" tó wà nínú nǹkan tí mò ń ṣe ìwádìí ẹ̀! Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kà á, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kó máa fò?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbì ò sí níbẹ̀ rárá, ìṣísẹ̀ mi ló gùn jù. Ṣírò ẹ̀ wò: nọ́ńbà tó kàn jẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ lọ́nà 1 - 20 × 0.1, ìyẹn sì jẹ́ -1. Ká ní 0.15 ni mo lò ni, á di -2, á máa lọ 1, -2, 4, -8, á bú gbàmù. Irú ìdọ́gba tó máa ń fi tipá gba ìṣísẹ̀ kékeré lọ́wọ́ èèyàn báyìí ni wọ́n ń pè ní stiff, àwọn solver tiwọn lọ́tọ̀ wà, nínú SciPy, àkójọ kóòdù ìṣirò fún Python, wọ́n ń jẹ́ Radau àti BDF, o ò tíì nílò wọn ní 200 level.

Òmíì tún nìyí, èyí burú ju ìyẹn lọ. y' = y², y(0) = 1. Fọwọ́ ṣe é, separable ni, wàá rí 1/(1 - t). Tí t bá ti ń sún mọ́ 1, y ti ń fò lọ sójú ọ̀run, tó bá wá dé 1 gan-an, kò sí y níbẹ̀, ọ̀nà ti já. Wá gbé e fún Euler pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 0.25, yóò sọ fún ẹ láìmikàn pé ní t = 1, y jẹ́ 3.65. Á tiẹ̀ fò ó kọjá, á ní tó bá di 1.25, ó jẹ́ 6.99. Ibi tí ọ̀nà ti já, òun ń rìn lórí afẹ́fẹ́. solve_ivp, ìyẹn solver inú SciPy, gbọ́n ju ìyẹn lọ, ìṣísẹ̀ ẹ̀ á kéré títí tí ò fi ní lè kéré mọ́, á dúró, á kọ status -1 àti ọ̀rọ̀ gígùn kan sílẹ̀ pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń kà á? Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ á ti sáré lọ ya gíráàfù. Jọ̀ọ́, kó o tó yàwòrán, tẹ sol.success kó o wò ó bóyá True ló kọ.

Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo tí mo ní fún ẹ ni pé kó o tó tẹ Enter, kọ ohun tó o rò pé ó máa jáde sínú ìwé, kó o yà á pẹ̀lú pẹ́ńsù, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Tí kọ̀ǹpútà bá wá gbé òmíì jáde, ọ̀kan nínú yín ti ṣìṣe, ìgbà tó o bá ń wá ẹni tó ṣìṣe lẹ̀kọ́ máa wọlé. Mo máa ń fi Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa, dán àwọn ọmọ wò. Ká ní aládìrẹ kan ní dúrọ́ọ̀mù omi 200 lítà, kílò 2 sóódà ló ti yòrò sínú ẹ̀, ó wá ti họ́ọ̀sì omi tó mọ́ bọ̀ ọ́, lítà 5 ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan, lítà 5 ń ṣàn dànù létí, ó sì ń rò ó dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, odindi 200 lítà omi tuntun ti wọlé. Sóódà mélòó ló kù? Ìwọ kọ́kọ́ dáhùn kó o tó kà á lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń sọ pé kò ku nǹkan kan, omi ṣáà ti pààrọ̀ tán. Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ á ní ó ku ìdajì. Ìdọ́gba ẹ̀ ni dS/dt = -S/40, S ni sóódà tó wà nínú omi, tó o bá ṣe é, ohun tó kù jẹ́ 2 lọ́nà e^(-1), ìyẹn bíi kílò 0.74! Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí ni pé omi tó ń dànù létí yẹn, apá kan nínú ẹ̀ jẹ́ omi tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kódà lẹ́yìn wákàtí 2, bíi gíráàmù 100 ṣì wà níbẹ̀. Ìyá tó ti ń ṣe àdìrẹ tipẹ́ á sọ fún ẹ pé kó o da omi yẹn nù kó o rọ òmíì ni, kó o yé fi họ́ọ̀sì ṣòfò omi, òótọ́ ló sì sọ, kò kọ́ ODE kó tó mọ̀ ọ́n.

Tó o bá dé second order, ìyẹn àwọn ìdọ́gba tó ní y'' nínú, ibẹ̀ ni wàá ti dúpẹ́ pé sọ́fítíwià wà. Ìwé ẹ á sọ pé y'' + y = cos t ní ìdáhùn tó ní (t/2) sin t nínú, wọ́n á ní resonance ni, o ó há a, ó parí. Àmọ́ gbé y'' + y = cos(wt) sínú GeoGebra, kí y àti y' bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kó o fi slider (àmì tí wọ́n ń fà láti yí nọ́ńbà padà) sí w, wá rọra máa fà á láti 0.5 lọ sí 1. Ìdáhùn ẹ̀ ni (cos wt - cos t)/(1 - w²), ya ìyẹn. Ní 0.5 ó kàn ń gbọ̀n ni. Tó bá di 0.9, á máa wú, á máa lọ sílẹ̀, á wú, á lọ sílẹ̀, á ga tó bíi 10. Tó bá di 0.99, á ga tó bíi 100 kó tó padà wálẹ̀. Ní 1 gan-an fọ́múlà yẹn máa fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ torí o ò lè fi òdo pín nǹkan, ibẹ̀ ni (t/2) sin t ti gba ipò, á máa wú lọ láìpadà. Ẹni tó bá ti ti ọmọdé lórí jáńgírọ́fà rí mọ̀ ọ́n: tó o bá ń tì í nígbà tó yẹ, á máa ga sí i, tí àsìkò ìtì ẹ bá yẹ̀ díẹ̀, á ga díẹ̀ ná, tó bá yá ìwọ fúnra ẹ lo máa dá a dúró. Fífà slider yẹn síwá sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 10 sàn ju kíka orí yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ, lójú tèmi o.

Èwo ni kó o wá lò? Ọ̀nà kan ò wọjà. GeoGebra àti Desmos wà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Fún èyí tó ń fún èèyàn ní fọ́múlà gangan, Maxima ni mo fẹ́ràn, ó ti pẹ́, inú Macsyma tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní MIT láyé 1960 sí 1969 ló ti jáde, kò wúwo, láptọ́ọ̀pù gbígbó máa gbé e, ode2 ni wàá máa pè nínú ẹ̀. Python pẹ̀lú SymPy àti SciPy dára gan-an tó o bá fẹ́ mú un lọ jìnnà, ọ̀fẹ́ náà ni. Ẹni tí lẹ́kíṣọ̀rà ẹ̀ ń fi MATLAB kọ́ni, kó gba Octave sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kóòdù MATLAB ló máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Má gba MATLAB tí wọ́n já àgádágodo ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà ẹ̀bá títì, mo ti rí ẹni tí fáírọ́ọ̀sì bá gbogbo project ẹ̀ jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà tó fẹ́ fi í sílẹ̀. Wolfram Alpha, ìkànnì tó ń ṣe ìṣirò fúnni, náà wà, ó ti wà láti 2009, àmọ́ ó ń jẹ détà, ó sì rọrùn jù, ọwọ́ ẹ á kàn máa lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan máa fìyà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú Python, 2^3 kì í ṣe 8, 1 ló máa fún ẹ, torí ^ ń ṣe iṣẹ́ míì níbẹ̀, 2**3 ni kó o kọ. log níbẹ̀ ni ln tìẹ. sin(30) ò ní fún ẹ ní 0.5, -0.988 ni, torí radian ló ń lò, òun ò mọ dígíríì rí. Tí ìdáhùn ẹ àti ti kọ̀ǹpútà ò bá sì jọra lójú, má tíì sunkún, mú méjèèjì, yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ní kó simplify ẹ̀, tó bá jẹ́ òdo, ọ̀kan náà ni yín, àfi bó bá jẹ́ pé C ló dà yín rú. Èyí tó tún dára jù ni kó o gbé ìdáhùn ẹ padà sínú ìdọ́gba kó o wò ó bóyá ó bá a mu, kò sí lẹ́kíṣọ̀rà tó lè jà ẹ́ níyàn lẹ́yìn ìyẹn.

Ti ìdánwò, wọ́n ṣì máa ní kó o fọwọ́ ṣe é, má tan ara ẹ. Ohun tí mò ń ní káwọn ọmọ mi ṣe ni pé kí wọ́n fọwọ́ ṣe ìbéèrè 5 lálẹ́, láì fọwọ́ kan fóònù, kí wọ́n wá fi Maxima yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tí wọ́n bá kùnà, kí wọ́n má wo ìdáhùn ẹ̀, kí wọ́n kàn wá ìlà tí wọ́n ti ṣìnà. Ó máa ń jẹ́ mínọ́ọ̀sì tó sọ nù ní ìlà kejì tàbí ìkẹta, tàbí C tí wọ́n fi sílẹ̀ títí dé òpin kí wọ́n tó fi kún un.

Ní ti iná àti détà tó o sọ, o ò nílò èyíkéyìí nínú àwọn tí mo dárúkọ yẹn lálẹ́ òní. Ṣí Excel tàbí spreadsheet yòówù tó bá wà lórí fóònù ẹ, kò gba détà. Kọ 0 sí A2, kọ 90 sí B2. Nínú A3 kọ =A2+5, nínú B3 kọ =B2+5*(-0.04*(B2-30)), wá fa méjèèjì wálẹ̀ dé ìlà 6. Tó o bá rí 54.576 nínú B6, Euler tìẹ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, yí 5 yẹn sí 1 níbi méjèèjì, fà á dé ìlà 22, kó o wò ó bóyá wàá rí 56.52. Tí B3 bá sì fún ẹ ní 102, mínọ́ọ̀sì lo gbàgbé, ẹ̀kọ ẹ ti ń hó lórí tábìlì.